Orúkọ Tí Súìtì Gbà Lọ́wọ́ Mi

Eyínfúnjowó ni àwọn ìyàwó ilé wa máa ń pè mí. Àgídíngbì, ní Ìkẹjà, ni à ń gbé, nítòsí ilé-iṣẹ́ Cadbury tí wọ́n ṣí ní 1965. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, òórùn kòkó a gba gbogbo àdúgbò. Ẹ má rò pé òórùn ló bà mí léyín jẹ́ o. Ọwọ́ ara mi ni.

Nígbà ọdún Kérésì kan, gbogbo àlejò ló fún wa ní súìtì. Àbúrò mi jẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ, ó mumi lé e. Mo pè é ní wọ̀bìà. Èmi, ọmọlúàbí, ń lá tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ dòru. Kí oṣù Ṣẹẹrẹ tó parí, n kò lè jẹ búrẹ́dì Agége pàápàá.

Ìyá mi ní kòkòrò eyín ni. Dókítà kò sọ pé irọ́ ni: kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń sọ ṣúgà di omi kíkan tó ń jẹ eyín. Itọ́ a máa tún un ṣe bí ẹnu bá sinmi. Tèmi kò sinmi. Ó yọ ọ̀kan níwájú.

Nísinsìnyí, ẹ̀yìn oúnjẹ nìkan ni mo ń jẹ súìtì. Orín ata ni ti àárọ̀, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride ni ti alẹ́.

Àbúrò mi ni wọ́n ń pè ní Eyínfúnjowó báyìí.