Ọṣẹ Ìfárùngbọ̀n ní Ìlú Niamey

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí kò mẹ́nu ba ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò mẹ́nu ba omi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó níwájú onígbàjámọ̀ rí mọ̀ pé bí a kò bá fi omi àti ọṣẹ rọ orí kí abẹ tó kàn án, olórí yóò sunkún. Ohun tí ó kan orí kan irùngbọ̀n pẹ̀lú. Abẹ mímú nìkan kò tó. Ohun tí ó wà láàrin abẹ àti awọ ara ni ó ń sọ bóyá ọkùnrin yóò jáde nílé pẹ̀lú àgbọ̀n tí ń dán tàbí pẹ̀lú èyí tí ó kún fún kókó wẹ́wẹ́. Ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí ooru ti ń kọjá ìwọ̀n 40 nínú oṣù kẹrin, tí ọyẹ́ sì ń la ètè ènìyàn láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì, ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn oge lásán.

Zarma àti Hausa ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú náà, wọ́n sì ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní wanzam. Òun ni ó ń fá orí ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, tí ó ń dá abẹ́ fún ọmọkùnrin, tí ó sì ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Iṣẹ́ ìdílé ni. Bàbá ni ó ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Wanzami ni Hausa ń pe orúkọ náà ní kíkún, etí Yorùbá kò sì ní ṣàì gbọ́ pé ó fara jọ gbàjámọ̀ tiwa. Àwọn onímọ̀ èdè ni yóò sọ bí àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe bá ara wọn tan. Ohun tí ó dájú ni pé irinṣẹ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà dúró lé: abẹ, tí Hausa ń pè ní aska, omi, àti ọṣẹ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọṣẹ ni àwọn ènìyàn kì í sábà bìkítà nípa rẹ̀.

Ọkùnrin Yorùbá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà Ńlá Niamey bìkítà nípa rẹ̀, nítorí pé ìyà jẹ ẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti kúrò ní agbègbè Òkè Ògùn wá sí ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣe tẹ̀ lé òwò lọ sí àwọn ìlú tí Faransé ṣàkóso nígbà kan rí. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ kí ó tó lọ kírun Jímọ́ọ̀. Bí ó bá fá a lónìí, kí ó tó di ọ̀tunla, kókó wẹ́wẹ́ yóò ti sú sí i ní ọrùn àti ní abẹ́ àgbọ̀n. Wọn a máa yún un, wọn a máa ta á, wọn a sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Ojú ni oníbàárà kọ́kọ́ ń wò kí ó tó wo aṣọ. Ó sì ti rí ẹni tí ó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tí òun ń ka ṣéńjì fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó kúkú dá irùngbọ̀n sí. Ó dá a sí títí, ó ri pé ojú kan hù, ojú kan kò hù, ó sì padà sí ìdí abẹ.

Ohun tí ń ṣe é kì í ṣe èèmọ̀. Irun ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú a máa ká. Bí abẹ bá gé e sún mọ́ awọ jù, ṣóńṣó rẹ̀ a mú bí abẹ́rẹ́; bí ó bá sì ń hù padà, a ká wọnú awọ dípò kí ó jáde síta, awọ a sì wú lé e lórí. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọkùnrin dúdú níbi gbogbo. Ní ọdún 1993, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàrin Bradley àti ilé-iṣẹ́ Pizzaco ti Nebraska, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé òfin tí ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ fá irùngbọ̀n kanlẹ̀ ń ni ọkùnrin dúdú lára ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ó bá lè dá irùngbọ̀n sí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lè dá a sí ní láti wá ohun tí yóò mú kí irun rọ̀ kí abẹ tó dé, kí ó má baà di dandan láti fá ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun ìfárùngbọ̀n tí ó ń ti òkè òkun wá pín sí oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni ti inú agolo, tí a bá tẹ orí rẹ̀ tí ìfòòfó funfun yóò tú jáde. Èkejì ni ìpara inú ọ̀pá, tí a ń fún jáde bí ọṣẹ ìfọyín. Ẹ̀kẹta ni ọṣẹ líle tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì pò nínú abọ́. Ti inú agolo ni ó gbajúmọ̀ jù, òun náà ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Afẹ́fẹ́ ni ó kún inú ìfòòfó rẹ̀. Ó pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n omi tí ó ń gbé fún irun kò pọ̀. Wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ara agolo bẹ́ẹ̀ pé kí a má ṣe jẹ́ kí ó gbóná ju ìwọ̀n 50 lọ, ìkìlọ̀ tí kì í ṣe eré fún ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní oòrùn ọ̀sán Niamey.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí kò wọ́n kò gbọdọ̀ wo iye tí a dá lé ọjà nìkan. Iye ìgbà tí yóò fi fá irùngbọ̀n ni kí ó fi pín in. Bí agolo kan bá jẹ́ 3,000 sẹ́fà, tí ó sì tó ìgbà 30, 100 sẹ́fà ni ìgbà kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Bí ọṣẹ kan bá jẹ́ 500 sẹ́fà, tí ó sì tó ìgbà 50, 10 sẹ́fà péré ni. Ọjà tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá tún máa ń ru ẹrù ọ̀nà dání. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye sẹ́fà kù sí ìdajì: owó Faransé kan tí ó jẹ́ 50 sẹ́fà tẹ́lẹ̀ di 100, ọjà òkè òkun sì gbówó lórí lójijì. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba Niger ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS ní kí wọ́n ti ààlà ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Àjọ náà gbé ìjìyà ọ̀hún kúrò ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024, ṣùgbọ́n ìjọba Niger kò ṣí ààlà ọ̀dọ̀ Benin nígbà náà. Ẹrù tí ì bá ti Cotonou gba Malanville àti Gaya wọlé wá ń ti Lomé gba Burkina Faso. Láàrin àkókò yìí ni agolo tí oníṣòwò náà ń rà kọjá agbára rẹ̀, tí ó fi yà sí ìsọ̀ ìyá kan, ọmọ Ṣakí, tí ó ń ta ọṣẹ dúdú.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá."

"Ẹ ṣeun, Alàájì. Kí ni ẹ fẹ́ rà?"

"Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ fún mi. Àgbọ̀n mi ló ń dà mí láàmú."

Ìyá wo ọrùn rẹ̀. "Kí lẹ fi ń fá a?"

"Ti inú agolo ni."

"Bàbá yín ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ń fá tiwọn?"

Alàájì rẹ́rìn-ín. "Ọṣẹ dúdú ni."

"Ṣé irú kókó yìí wà lọ́rùn wọn?"

"N kò rí i rí."

"Ẹ gba èyí. Òrí ni mo fi sè é, kì í ṣe àdín nìkan. Èyí tó jẹ́ àdín nìkan máa ń sáré hó, á sì sáré kú. Èyí máa ń dúró."

Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ọkùnrin yìí tilẹ̀ ti kọjá Sókótó kí òwe náà tó ṣẹ sí i lára.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ kì í ṣe ìpolówó ọjà lásán. Ọṣẹ ni ohun tí a ń rí bí a bá se ọ̀rá pọ̀ mọ́ omi eérú. Bí eérú náà bá jẹ́ ti èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, pọ̀tásíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọṣẹ tí ó bá jáde níbẹ̀ a rọ̀, a sì tètè yọ́ nínú omi. Sódíọ̀mù ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò fún ọṣẹ líle, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ọṣẹ Marseille. Ó dára fún aṣọ, ṣùgbọ́n ìfòòfó rẹ̀ tètè ń gbẹ lójú. Ẹni tí ó bá ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ìpara ìfárùngbọ̀n tí ó lówó lórí yóò rí i pé ọṣẹ pọ̀tásíọ̀mù ni òun náà, àti pé ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní stearic ni ó ṣáájú nínú rẹ̀. Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Faransé, ni ó ṣàlàyé ọ̀rá yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1823. Stearic ni ó ń mú kí ìfòòfó ki, kí ó sì pẹ́ kí ó tó kú. Òrí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì kún fún un. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ó tó ìdá méjì nínú márùn-ún ọ̀rá inú rẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ tò pọ̀ ni ìyá ń sè nínú ìkòkò. Àwọn Hausa náà ní irú rẹ̀ tiwọn, tí wọ́n ń pè ní sabulun salo.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọṣẹ dúdú ni ó yẹ kí ó kan ojú. Èyí tí omi eérú rẹ̀ pọ̀ jù a máa ta awọ. Kí ẹni tí yóò rà á bu díẹ̀, kí ó pò ó mọ́ omi, kí ó fi pa ọrùn ọwọ́, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ta á, kí ó fi sílẹ̀. Kí ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí ó mọ̀ bóyá hóró eérú wà nínú rẹ̀, nítorí hóró kan lè ha awọ lábẹ́ abẹ. Kí ó sì jìnnà sí èyíkéyìí tí ó bá ṣèlérí pé òun yóò sọ dúdú di pupa. Omi pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Omi ẹ̀rọ Niamey, tí ó ń ti Odò Ọya wá, máa ń jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa. Ṣùgbọ́n omi kànga mìíràn wà tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá ń lò ó a sì máa dá ọṣẹ lẹ́bi ohun tí omi ṣe.

Bí ọṣẹ bá ti dára, sùúrù ni ó kù. Oníṣòwò náà kọ́ láti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú, kí ó jẹ́ kí omi bá irun fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó tó fi ọwọ́ pò ọṣẹ tí kò ju ẹ̀kùrọ́ kan lọ títí yóò fi ki. Ibi tí irun dojú kọ ni ó ń fá sí. Kì í fa awọ, kì í sì í padà sí ojú kan náà. Ó ń fi omi tútù ṣan án, ó sì ń fi òrí díẹ̀ pa á. Abẹ tirẹ̀ ni ó ń lò, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí lè gbé àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí kòkòrò HIV láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Lẹ́yìn oṣù méjì, kókó ọrùn rẹ̀ dínkù. Kò tán pátápátá, irun tí ó ká kò lè ṣàì ká; ṣùgbọ́n yíyún náà lọ, àpá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

Ó ní ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Niamey ni wọ́n bí i sí. Ó ń sọ Faransé ní ilé-ìwé, Zarma àti Hausa ní àdúgbò, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ. Nígbà tí bàbá fẹ́ kọ́ ọ bí a ti í fá irùngbọ̀n, ó ri pé Faransé kò fún òun ní ọ̀rọ̀ tí òun ń wá. Ọṣẹ a máa hó, a máa ki, a máa dúró, a máa kú, a máa ta. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò le, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ pé sínú wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin "hó" àti "dúró" yóò ra ìfòòfó tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ní owó gọbọi. Olùkọ́ èdè tí ó bá ń wá ibi tí a ti lè kọ́ ọmọ ẹ̀yìn odi ní ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá lè ṣe ohun tí ó burú ju kí ó gbé ọṣẹ àti abọ́ omi kan wọ kíláàsì lọ. Ọmọ náà ń fá irùngbọ̀n tirẹ̀ báyìí, a sì máa sọ ọ́ sókè bí ó ti ń pò ó: ó ti ń hó, ó ti ki, ó dúró.