Orí mi ń gbóná, wọ́n ní mò ń gbóhùn òkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nílùú London lọ́dún 2017. Màmá mi ló kú n'Íbàdàn, mi ò sì lè lọ sin wọ́n, torí ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Látìgbà náà loorun ti dá lójú mi. Orí mi ń gbóná, ó ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀.

Dókítà ní kí n lọ rí therapist, ìyẹn àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn. Obìnrin òyìnbó kan ni mo bá níbẹ̀. Mo ní orí mi ń gbóná, ó ní ṣé mo ti lo oògùn ẹ̀fọ́rí. Mo ní Màmá wá bá mi lójú oorun, wọ́n ní kí n jẹun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mò ń gbóhùn òkú! Ẹ gbọ́ ná, ta ni ìyá ẹ̀ kú nínú wa tí kò lá irú àlá bẹ́ẹ̀ rí? Ó ní òun máa fi mí ránṣẹ́ sí dókítà tó ń wo wèrè. Mo ro tiṣẹ́ mi, mo ro tàwọn ọmọ mi, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dá ìyà ẹ̀ jẹ kí n tó bá ẹlòmíì pàdé. Òyìnbó lòun náà o! Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé: "Kí làwọn èèyàn yín ń pe irú nǹkan yìí? Kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó fà á?" Ẹkún ni mo bú sí. Mo ní mi ò sin ìyá mi ni. Ó ní kí n ṣàlàyé ohun tá a máa ń ṣe fún òkú àgbà. Nígbà tó yá, mo se oúnjẹ, mo pe àwọn ará wa jọ, a ṣèrántí Màmá. Díẹ̀díẹ̀ loorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí.

Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn níléèwé ni, pé ìwé DSM-5 táwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013 ní ìbéèrè 16 fún un. Mo rẹ́rìn-ín. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò tiwa ti ń ṣe irú ẹ̀ ní Aró, l'Abẹ́òkúta: aláìsàn àti ẹbí ẹ̀ jọ ń gbé nínú abúlé, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Kò pọn dandan kẹ́ni tó máa tọ́jú wa jẹ́ Yorùbá. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti béèrè kó tó kọ nǹkan sílẹ̀ la ń fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má sá bíi tèmi. Tọ́rọ̀ yín ò bá yé wọn, ẹ tún un ṣàlàyé. Tí kò bá yé wọn síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wá ẹlòmíì fún yín.