Fíìmù Íńdíà tí Màmá Mi Túmọ̀ fún Wa

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, fíìmù Íńdíà kì í wọ́n nílé wa. Màmá mi kò gbọ́ Híńdì, wọn kò sì ráyè ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ àwọn ni ògbufọ̀ wa. Bí òṣèré kan bá ti ń sunkún, Màmá á ti sọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Dil To Pagal Hai, tí Yash Chopra gbé jáde ní 1997. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí: Rahul, ìyẹn Shah Rukh Khan, ń ṣe eré oníjó. Nisha, tí Karisma Kapoor ṣe, ń jó fún un, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Nisha fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, Rahul lọ mú Pooja, ìyẹn Madhuri Dixit, ó sì dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ajay, ẹ̀gbọ́n Pooja, kò gbà.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, jókòó wò ó níbí ní London. Ó ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ ló yíjú sí mi: "Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọ́ o! Ó fẹ́ fẹ́ ẹ ni!"

Òótọ́ ni. Ọmọ òrukàn ni Pooja, àwọn òbí Ajay ló tọ́ ọ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún ilé tó tọ́ni dàgbà pé ọkàn òun wà níbòmíràn? Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti mọ fíìmù yìí, n kò mọ ohun tó ń bá ọmọbìnrin náà fínra. Ibi tí Nisha àti Pooja ti ń fi ijó bára wọn jà, tí Rahul ń lu ìlù, ibẹ̀ nìkan ni Màmá kì í túmọ̀. A kì í sì í béèrè.

Kí n sọ òótọ́, ọmọ mi kì í bá Màmá Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Á kúnlẹ̀ níwájú fóònù, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà," á sì gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Ọdún kẹta rẹ̀ nílé-ìwé yìí nìyí, mo sì ti ń rò ó pé bóyá owó ọkọ̀ là ń fi ṣòfò lásán. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká pè wọ́n. "Màmá Ìbàdàn, Ajay kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀." Màmá ní irọ́ ni. Ọmọ ní òun kà á. Ó ń wá ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò ní bàbá àti ìyá mọ́, Màmá sọ ọ́ fún un, ó wí i tẹ̀lé wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń bá àlàyé lọ. Ó ní Nisha "fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣèṣe." Màmá fèsì pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ ọlọ́mọ dá, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ! Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò dá sí i. Ó gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú 25.

Níkẹyìn, Màmá gbà pé Ajay kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ti pé Rahul fi Nisha sílẹ̀, wọn kò gbà rárá. Wọ́n ní kí ọmọ lọ tún ibẹ̀ kà dáadáa, kó sì pe àwọn lọ́jọ́ Sátidé tó bá ti ilé-ìwé dé.