Àga Tó Ń Pẹ́ Dé

Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ipò igbákejì pírínsípà. Kétu ní Èkó ló ti lo gbogbo ayé rẹ̀. Àbúrò ti ń kọ́ni ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà fún ọdún gbọọrọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wálé fún ìsinmi. Ilé Ẹ̀gbọ́n ní Ìkòsí ni wọ́n jókòó sí.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, bí ọkọ̀ wa ṣe ń kọjá ní Maryland yín níbí lánàá, mo rántí pé ibẹ̀ ni ọ́fíìsì Dísítíríìtì Kejì fún ètò ẹ̀kọ́ wà. Ṣé obìnrin ti jẹ ọ̀gá níbẹ̀ rí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìbéèrè ará òkè òkun nìyẹn! Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bẹ́ẹ̀ mọ́ níbí. Tí wọ́n bá ní ọ̀gá dísítíríìtì tuntun, TG bí a ṣe ń pè é, ti dé, ohun tí àwa máa ń bèèrè ni ilé-ìwé tó ti ṣe pírínsípà, ṣé ó le, ṣé ó máa ń yọ sí èèyàn láìròtẹ́lẹ̀ láago méje àárọ̀. Ìyáàfin Anike Adekanye ti jókòó sórí àga yẹn, gbogbo ilé-ìwé girama ìjọba ní Kòsọ́fẹ́, Ṣómólú àti Ìkòròdú wà lábẹ́ rẹ̀. Dókítà Ayándélé náà darí Dísítíríìtì Kẹta. A ò lùlù fún ẹnikẹ́ni tìtorí pé ó jẹ́ obìnrin.

ÀBÚRÒ: Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn. Lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ bá ka olùkọ́ 100, nǹkan bí 77 ló máa jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ wá ka àwọn tó ń darí agbègbè ilé-ìwé, àwọn tí wọ́n ń pè ní superintendent: lọ́dún 2000, obìnrin ò ju nǹkan bí 13 lọ nínú 100. Nígbà tó fi máa di 2020, wọ́n di nǹkan bí 27. Ogún ọdún gbáko o.

Ẹ̀GBỌ́N: Obìnrin ń kọ́mọ, ọkùnrin ń jókòó. Kí ló fà á?

ÀBÚRÒ: Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàn wọ́n ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbìmọ̀ tí ará àdúgbò dìbò yàn ló máa polówó iṣẹ́ náà, tí wọ́n á fọ̀rọ̀ wá àwọn tó bá fẹ́ ẹ lẹ́nu wò, tí wọ́n á sì bá ẹni tó bá wù wọ́n ṣàdéhùn ọdún bíi mélòó kan. Ojú wọn kì í sábà kúrò lára ẹni tó ti ṣe pírínsípà ilé-ìwé girama. Bẹ́ẹ̀, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn obìnrin pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá sì ń wá irú ipò bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ múra láti palẹ̀ ilé mọ́ lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnì kankan. Àwọn tí wọ́n ń gòkè láti inú ilé wà o. Ní Prince George's County, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti pọ̀ bí omi, Dókítà Monica Goldson darí ilé-ìwé wọn láti 2018 títí di 2023, olùkọ́ agbègbè yẹn kan náà ló sì jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Tiwa yàtọ̀ sí ìyẹn. Tó o bá fi digírì wọlé, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ni wọ́n máa fi ọ́ sí, wàá wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí o fi máa dé 16, 17. Ọjọ́ tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Fáìlì ò mọ̀ bóyá gèlè lo wé tàbí fìlà lo dé. Nítorí ẹ̀ ni obìnrin ṣe ń débẹ̀, torí àwa la pọ̀ nínú yàrá olùkọ́, tí wọ́n bá sì to fáìlì sílẹ̀, tiwa náà á kàn.

ÀBÚRÒ: Ṣùgbọ́n ṣé agbára wà níbẹ̀? Superintendent lọ́hùn-ún ló ń gba òṣìṣẹ́, òun ló ń gbé ìwé owó síwájú ìgbìmọ̀. Mo rò pé TG yín kàn máa ń bẹ ilé-ìwé wò ni.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ tán ni. Tutor-General àti Permanent Secretary ló ń jẹ́ pọ̀. Tẹ́lẹ̀, pírínsípà ni òpin ọ̀nà fún olùkọ́. Tó o bá fẹ́ di Permanent Secretary, àfi kó o fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, kó o lọ máa jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa. Ìdí tí wọ́n fi dá ipò yìí sílẹ̀ nìyẹn, kí olùkọ́ lè débẹ̀ lórí iṣẹ́ olùkọ́. Òun ló ń dáhùn fún owó dísítíríìtì, òun ló ń pín olùkọ́ káàkiri ilé-ìwé rẹ̀. Gbígba olùkọ́ tuntun síṣẹ́ ni kò sí lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbà fún ọ níbẹ̀.

Má sì gbàgbé òkè lọ́hùn-ún. Ní 2007, Gómìnà Fáṣọlá gbé ètò ẹ̀kọ́ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́, Ọmọọba Sarah Sosan, tó ti ṣe olùkọ́ rí. Ní 2011, Ìyáàfin Ọláyínká Ọládùnjoyè ló di kọmíṣánnà fún ètò ẹ̀kọ́. Ní 2015, ó tún kan igbákejì gómìnà, Dókítà Ìdíàtù Adébùlé, tó ń kọ́ni ní yunifásítì LASU kó tó bọ́ sí òṣèlú. Ní 2019, Ìyáàfin Fọláṣadé Adéfisáyọ̀, tó ti darí àwọn ilé-ìwé Corona. Ìgbà tó di 2023 ni ọkùnrin tó gba ipò náà, Jamiu Alli-Balogun. Ọdún 16 ni obìnrin fi wà níbẹ̀ léra-léra.

ÀBÚRÒ: Háà! Mi ò ka ìyẹn pọ̀ rí. Ṣùgbọ́n gómìnà ló yan àwọn yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tó to fáìlì.

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ ni. Gómìnà náà ló ń yan TG níkẹyìn, àmọ́ inú àwọn tó ti gun àtẹ̀gùn yẹn ló ti ń mú un.

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún yín. Ella Flagg Young. Ọmọdé ṣì ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Chicago lọ́dún 1862. Ọdún 1909 ni wọ́n tó fi ṣe superintendent gbogbo ilé-ìwé Chicago, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó darí ilé-ìwé ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 64 ni nígbà náà.

Ẹ̀GBỌ́N: 64 kẹ̀? Ká ní Èkó ló wà ni, á ti máa gba owó ìfẹ̀yìntì! Ọdún 60, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá yá jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 fi kún un fún olùkọ́, ó sọ ọ́ di 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa gba tiẹ̀ wọlé. Ibi tí àtẹ̀gùn tí mò ń yìn ti kù díẹ̀ káàtó gan-an lo dé yẹn. Ó ń gbé obìnrin dókè lóòótọ́, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó gbé e dé. TG á jókòó, á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ilé-ìwé tí òrùlé ẹ̀ ń jò àti èyí tí kò ní olùkọ́ Físíìsì, wọ́n á ti máa dá owó aṣọ ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Tó bá ṣe pé fáìlì ò mọ obìnrin lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń pẹ́? Ṣebí ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin.

Ẹ̀GBỌ́N: Fáìlì ò mọ obìnrin, ọkọ mọ̀ ọ́n. Kó o tó kúrò ní igbákejì, wọ́n máa gbé ọ lọ sí ilé-ìwé tó nílò pírínsípà, ìyẹn sì lè jẹ́ Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Imọ́tà. Kí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT tó dé Ìkòròdú lọ́dún 2015, olùkọ́ tó ń ti Kétu lọ síbẹ̀ á jí láago mẹ́rin, ibi tí gbogbo ọkọ̀ tòmátì bá sì ti pàdé ní Máìlì 12, á dúró síbẹ̀. Ta ló máa wẹ ọmọ? Ta ló máa dúró ti ìyá ọkọ tí ara rẹ̀ ò yá? Mo mọ àwọn tó lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi àwọn sílẹ̀ sí ibi tí àwọn wà. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kó bàtà wọn, wọ́n lọ.

ÀBÚRÒ: Èmi rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni ìyẹn wà. Kíkó ẹrù lọ sí ìlú mìíràn ló ń yọ àwọn obìnrin sẹ́yìn lọ́hùn-ún náà. Ẹ̀yin náà wà nínú àwọn tó bẹ̀bẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Parí ìtàn Chicago rẹ.

ÀBÚRÒ: Ó dáa. Ní 1913, ìgbìmọ̀ kọ̀ láti tún un yàn. Àwọn obìnrin ìlú tú jáde, gbajúmọ̀ Jane Addams wà lára wọn, wọ́n pariwo, wọ́n pe ìpàdé. Ọdún náà gan-an ni obìnrin Illinois ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀tọ́ láti dìbò yan ààrẹ, àwọn olóṣèlú sì mọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà sórí àga, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1915. Ta ló máa tú jáde fún TG níbí?

Ẹ̀GBỌ́N: Fún kí ni? Ẹnikẹ́ni ò lé e. Àsìkò ló tó. A máa ń se jọ́lọ́ọ̀fù ni.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò wá ṣe yan àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀? Ẹni ọdún 45, kó ní ọdún mẹ́wàá níwájú.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó máa pàṣẹ fún pírínsípà ẹni ọdún 58 tó kọ́ ọ ní JSS? Wọ́n á kí i, "Ẹ káàárọ̀, Mà," wọ́n á sì fi lẹ́tà rẹ̀ sábẹ́ ìwé mìíràn. Rárá o. Ohun tí mò ń fẹ́ kéré sí ìyẹn: kí obìnrin tí wọ́n bá gbé ga ní ọdún 46 rí ilé-ìwé tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbé e dé láti ilé rẹ̀. Ìgbà yẹn, kò ní bẹ̀bẹ̀. Tí yóò bá sì dé orí àga náà, á ti dé pẹ̀lú ọdún mẹ́fà, méje lọ́wọ́.

ÀBÚRÒ: Àwọn ọkùnrin á ní ojúsàájú ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ kí wọ́n wí. Ìyàwó tó jẹ́ olùkọ́ wà nílé àwọn náà.