Iye Tó Kù Kó Gbóná Jù

Bí ètò kọ̀ǹpútà méjì bá ń wo ooru processor kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú kan náà, tí ọ̀kan ní 55°C, tí èkejì ní 65°C, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì lè ti gbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Lórí Intel Core 2, tó jáde ní 2006, inú processor gan-an ni ohun tó ń mọ ooru wà. Kì í sọ bó ṣe gbóná tó. Iye tó kù kó kan òpin ooru tí wọ́n fàyè gbà á, èyí tí wọ́n ń pè ní TjMax, ló ń sọ. Bó bá ní ó ku 40, ètò tó gbà pé 95 ni òpin á kọ 55. Èyí tó gbà pé 105 ni á kọ 65. Ohun tó pín ètò RealTemp àti Core Temp níyà nígbà kan nìyẹn lórí àwọn Core 2 E8000, torí Intel kò tíì kéde òpin wọn. Nígbà tó kéde rẹ̀ ní 2008, 100°C ló pè é.

AMD náà ní tirẹ̀. Lórí Ryzen 7 1700X àti 1800X, ní 2017, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi 20 lé iye tí processor ń sọ, kí fáànù lè máa ṣiṣẹ́ bákan náà lórí gbogbo oríṣi Ryzen. Ètò tí kò mọ̀ kò yọ 20 náà kúrò.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ètò báyìí kì í fi ìṣirò wọn hàn. Wọ́n á kọ 65 gàdàgbà bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ kan iná. Ẹnì kan á torí rẹ̀ lọ ra fáànù tí kò nílò. Ẹni tí tirẹ̀ ń jó lóòótọ́ á sì fọkàn balẹ̀.

Mo ti yí Core Temp tèmi padà kó máa fi iye tó kù sí TjMax hàn mí. Ibẹ̀ ni mò ń wò bí iṣẹ́ bá wúwo. Bó bá ku 30, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Bó bá ku 5, mo dáwọ́ dúró, mo sì gbọn eruku inú fáànù, torí bó bá di òdo, processor fúnra rẹ̀ á dẹ eré sílẹ̀.