Ìtàn Ọ̀rọnsẹn wà nílẹ̀: ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wa lọ fojú rí i l'Ọ́wọ̀

Ẹ bi ọmọ yín tó ń lọ sílé-ìwé l'Ọ́wọ̀ tàbí ní Ìfọ́n pé, "Ta ni Ọ̀rọnsẹn?" Bó bá mọ̀ ọ́n, ẹ tún bi í pé ṣé ó ti fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dé ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ rí? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Wọ́n ní obìnrin tó rẹwà, tó sì lówó lọ́wọ́ ni Ọ̀rọnsẹn, ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹjẹ́n. Èèwọ̀ mẹ́ta ló ní. Wọn kì í lọ ilá níṣojú ẹ̀, wọn kì í da omi sílẹ̀ níbi tó wà, wọn kì í sì í ju igi ìdáná sílẹ̀ lójú ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ orogún! Wọ́n lọ ilá, wọ́n da omi, wọ́n ju igi. Bí obìnrin náà ṣe bínú jáde láàfin nìyẹn, kò padà mọ́. Igbó Lájà ni wọ́n ní ó wọ̀ sí.

Àlọ́ lásán kọ́ o. Láàárín ọdún 1969 sí 1971, Ekpo Eyo àtàwọn èèyàn ẹ̀ wa ilẹ̀ l'Ọ́wọ̀, wọ́n sì dé Igbó Lájà náà. Ère amọ̀ sísun ni wọ́n hú jáde: orí èèyàn, apẹ̀rẹ̀ ẹbọ, títí kan ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ èèyàn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ nǹkan bíi ọdún 1400 sí 1500 ni. Ère ò lè jẹ́rìí sí ìjà orogún lóòótọ́, àmọ́ ó fi hàn pé ibi tí ẹnu àgbà júwe, nǹkan wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ààfin Ọlọ́wọ̀, ẹ rọra rìn. Láyé àtijọ́, wọ́n ní ùghà, ìyẹn àgbàlá, tó wà níbẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tiẹ̀ àti òrìṣà tiẹ̀. Àwọn míì, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún 2000, ìjọba àpapọ̀ kéde ààfin náà ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ọdún 1968 ni wọ́n sì ti dá Mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀ sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn nǹkan àtayébáyé tó jáde láàfin.

Ní Williamsburg, ní Virginia l'Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń sanwó fún òṣìṣẹ́ kó wọṣọ ayé àtijọ́, kó máa rọ irin níṣojú ọmọ ilé-ìwé. L'Ọ́wọ̀, ẹnikẹ́ni ò díbọ́n. Tí ọdún Ìgogo bá dé nínú oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń ṣe é nítorí Ọ̀rọnsẹn. Kábíyèsí á dirun bí obìnrin, á wọ aṣọ ìyùn. Kò sí ìlù, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Olùkọ́ wo ló lè kọ ìyẹn sójú pátákó?

Àmọ́ òbí ń bẹ̀rù, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n, Ọba Israel Adéùsì. Lọ́jọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, ọdún 2022, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis l'Ọ́wọ̀, ibi tí kò jìnnà sáàfin, ogójì èèyàn ó kéré tán ló kú. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní fa ọmọ ẹ̀ mọ́ra?

Síbẹ̀, ohun tá a bá fi ìbẹ̀rù tì mọ́lé, ó lè kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ inú ìlú Ọ̀wọ̀ ò nílò mọ́tò rárá, ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi rìn, kí olùkọ́ wà níwájú, kí òbí wà lẹ́yìn. Àwọn ará Ìfọ́n àti Ìdóàní, nílé ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, kí wọ́n bá àwọn aláàbò sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n gbéra láàárọ̀, kí wọ́n sì délé kílẹ̀ tó ṣú.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó lọ, kó kọ́kọ́ jókòó ti ìyá àgbà, kó bi í léèrè ìtàn náà. Mùsíọ́mù lè dúró dè wá títí di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá àgbà ńkọ́?