Níbi tí Bàrà ti Ń Ṣe Omi Mímu

Kò sí ìyá ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ bàrà. A ó là á, a ó jẹ́ kí ó rà, a ó fọ ègúsí inú rẹ̀, a ó sì da ìyókù nù. Ta ni nínú wa ni ó bèèrè rí pé kí ni omi inú èso náà wúlò fún? Ní aṣálẹ̀ Kalahari, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, ìbátan bàrà yìí wà tí wọ́n ń pè ní tsamma, òun ni ó sì ti ń mú ẹ̀mí ènìyàn àti ẹranko dúró láti ayébáyé. Kí ẹ fi í sọ́kàn bí mo ti ń mú yín rìn nínú ọgbà ẹranko Kgalagadi.

Orílẹ̀-èdè méjì ni ó ni ọgbà náà. Ní 1931 ni ìjọba Gúúsù Áfíríkà ya apá tiwọn sọ́tọ̀. Botswana náà ní tirẹ̀. Ní ọdún 2000 ni wọ́n sì so méjèèjì pọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó mẹ́wàá yóò wọ inú rẹ̀ láìfún ara wọn. Láti ìlú Upington, ọ̀nà ọlọ́dà ni títí dé ẹnubodè Twee Rivieren, nǹkan bí kìlómítà 250. Odò Méjì ni ìtumọ̀ orúkọ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe gbé agbè lọ síbẹ̀ o! Odò Auob àti Nossob tí wọ́n ń sọ kì í sábà ní omi. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí ìṣàn kan tó gba ibẹ̀; inú odò gbígbẹ náà gan-an ni ọkọ̀ ń tọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Nossob kọjá sí Mabuasehube, ní ìhà Botswana, gbọ́dọ̀ lo jíìpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì ni àwa lò, nítorí a kì í fi ọkọ̀ kan ṣoṣo dá wọ ọ̀nà náà. Kí a tó kan òkìtì yanrìn àkọ́kọ́, awakọ̀ wa sọ̀ kalẹ̀, ó dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yanrìn dípò kí ó máa wa ilẹ̀ bí ọkọ́. Yanrìn náà pupa. Bí a bá ti gun òkìtì kan dé orí, imú ọkọ̀ a kọjú sí sánmà, a kò ní rí ohunkóhun níwájú. Lẹ́yìn náà ni a ó dà wálẹ̀, òmíràn a sì ti dúró dè wá. Mo di ìjókòó mú bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Omi, epo bẹntiróòlù, oúnjẹ àti igi ìdáná, gbogbo rẹ̀ ni a rù lọ, nítorí kò sí ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọgbà tí ó yí ibùdó wa ká. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, kìnnìún kan bú ramúramù. Kò sí ẹni tí ó tún béèrè ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo rí ìbátan ẹ̀ga wa níbẹ̀, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ń gbé inú ìtẹ́ kan ṣoṣo tí ó dà bí òrùlé koríko lórí igi. Mo rí gemsbok, ẹranko tí ìwo rẹ̀ méjèèjì tọ́ bí ọ̀kọ̀, tí ó lè pẹ́ láìmu omi. Tsamma wà nínú ohun tí ó ń jẹ.

Nígbà tí a padà jáde, nítòsí Andriesvale, obìnrin àgbàlagbà kan nínú ẹ̀yà ǂKhomani la tsamma kan fún wa. “Ouma” ni afinimọ̀nà wa ń pè é, bí àwa ti í sọ pé ìyá àgbà. Inú èso náà funfun, ó tutù, kò dùn, kò sì korò. Ṣùgbọ́n ó ní òmíràn a máa korò gidi, nítorí náà kí a kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọn a máa fi igi gún inú rẹ̀ títí yóò fi di omi, tàbí kí wọ́n rì í sínú eérú gbígbóná. Hóró rẹ̀ ńkọ́? Wọn a yan án, wọn a sì lọ̀ ọ́. Mo kó hóró náà sí àtẹ́lẹwọ́, mo rẹ́rìn-ín: ègúsí rèé!

Inú ọgbà yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ká a rí. Lẹ́yìn tí a ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún ẹranko, díẹ̀díẹ̀ ni a lé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù lọ jáde, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ rí. Èyí kò dára rárá. Ní 1999 ni ìjọba fi nǹkan bí hẹ́kítà 40,000 fún wọn ní ìta ọgbà, ní 2002 wọ́n sì tún gba ilẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè wọn, N|uu, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Katrina Esau, ìyá àgbà kan ní Upington, ni ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi kọ́ àwọn ọmọdé. Ní 2021 ìwé ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọdé jáde, ìtàn ìjàpá àti ògòǹgò. Àṣé ìjàpá dé ibẹ̀ náà!

Ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó lọ láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ, nígbà tí oòrùn kò mú jù. Kí ó mú aṣọ òtútù dání, nítorí òru ibẹ̀ a máa tutù tó kí omi di yìnyín. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ṣáájú, yóò bá tsamma nílẹ̀ lórí yanrìn.